Kòkòrò dúdú inú àpótí oyin: pàkúté wo ni ẹ ń lò, ibo ni ẹ sì ń gbé e sí?

Akọ́ṣẹ́-Oyin:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, mo kí yín o. Àpótí oyin 2 péré ni mo ní lẹ́yìn ilé, ọdún kejì tí mo ti ń sìn wọ́n sì nìyí. Nígbà tí mo ṣí ìdérí àpótí kìíní lánàá, mo rí àwọn kòkòrò dúdú kékeré kan tí ara wọn ń dán, tí wọ́n ń sá fún ìmọ́lẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ àpótí. Mo ka 12 kí ìyókù tó rá mọ́ mi lójú. Nínú àpótí kejì, tí agbo rẹ̀ kò pọ̀ rárá nítorí pé ayaba tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin níbẹ̀ ni, n kò lè kà wọ́n tán. N kò tíì rí ìdin kankan nínú méjèèjì. Mo ti gbọ́ nípa pàkúté olóròóró, mo ti gbọ́ nípa aṣọ tí a ń tẹ́ sórí férémù (igi onígun mẹ́rin tí oyin ń mọ afárá sí), mo sì ti gbọ́ nípa awo òróró tí a ń tì bọ abẹ́ àpótí, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti ń yin ọ̀kan báyìí, ẹlòmíràn á ní kò wúlò fún nǹkan kan. Èwo nínú wọn ni ẹ ti fi ọwọ́ ara yín lò, ibo gan-an ni ẹ gbé e sí, kí sì ni ojú yín rí?

Bàbá Afárá:

Àbúrò, o ṣe dáadáa tí o kà wọ́n, nítorí ẹni tí kò bá mọ iye tí ó wà nínú àpótí rẹ̀ lónìí kò ní í mọ̀ bóyá pàkúté ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Kí a tó dẹ pàkúté fún ẹran, ó yẹ kí a mọ ìwà ẹran náà. Kòkòrò tí o rí yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aethina tumida, kì í ju mílímítà 5 sí 7 lọ ní gígùn, bí ìdajì oyin òṣìṣẹ́ kan. Ìwo orí rẹ̀ méjèèjì ní kókó ní ṣóńṣó bíi kùmọ̀, ìyẹ́ líle tí ó fi bo ẹ̀yìn kò sì bò ó dé ìdí. Bí tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà ni.

Kì í ṣe àgbà kòkòrò ni ó ń ba ilé oyin jẹ́ bí kò ṣe ìdin rẹ̀. Abo kan lè yé ju ẹyin 1,000 lọ ní ìgbà ayé rẹ̀, inú àlàfo tóóró tí ẹnu oyin kò lè dé ni ó sì máa ń fi wọ́n pamọ́ sí. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4 ni púpọ̀ nínú àwọn ẹyin náà ń pa, àwọn ìdin á sì máa jẹ ìyẹ̀fun òdòdó, oyin àti ọmọ oyin fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14. Ibi tí wọ́n bá ti kọjá ni oyin inú afárá á ti máa kan, tí á máa hó, tí á sì máa rùn bí ọsàn tí ó ti rà, nítorí ìwúkàrà kan tí ń bá kòkòrò náà rìn. Nígbà tí wọ́n bá yó tán, wọ́n á jáde kúrò nínú àpótí, pàápàá lóru, wọ́n á wọ inú ilẹ̀ lọ para dà, ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 lẹ́yìn náà ni wọ́n á sì tún jáde ní kòkòrò dúdú tí ń wá ilé oyin kiri.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa nìyí: pàkúté kì í dọdẹ, oyin ni ó ń dọdẹ. Oyin kò lè ta kòkòrò yìí pa bọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó sì máa ń kó orí àti ẹsẹ̀ sábẹ́ ara bí alábahun. Ohun tí agbo oyin lè ṣe ni kí wọ́n lé e títí yóò fi wọ kọ̀rọ̀ kan, kí wọ́n fi àtè, ìyẹn oje igi tí oyin ń kó wálé, mọ odi yí i ká níbẹ̀, kí wọ́n sì yan ẹ̀ṣọ́ tì í. (Ẹlẹ́wọ̀n náà gbọ́n ju bí a ti rò lọ, torí ó máa ń fi ìwo orí rẹ̀ ta ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu bí oyin tí ń tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ a sì bọ́ ọ.) Pàkúté wulẹ̀ jẹ́ kọ̀rọ̀ kan tí a fi kún kọ̀rọ̀ inú àpótí, tí ó wu ẹni tí ń sá, ṣùgbọ́n tí ikú wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí oyin kò bá pọ̀ tó láti lé kòkòrò, kòkòrò kò ní í sá. Bí kò bá sì sá, kí ni yóò wá dé inú pàkúté? Nítorí náà ni àpótí rẹ kejì ṣe ń já mi láyà. Férémù mélòó ni oyin bò dáadáa níbẹ̀?

Akọ́ṣẹ́-Oyin:

Ẹ ṣeun, bàbá. Férémù 3 nínú 10 ni wọ́n bò. Mo sì tún gbé àpótí òkè lé wọn lórí ní oṣù tí ó kọjá, nítorí mo rò pé bí ààyè bá gbòòrò wọn yóò tètè pọ̀.

Bàbá Afárá:

Gbé e kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Oyin kì í pọ̀ nítorí ààyè. Ààyè ni a ń fi kún un nígbà tí oyin bá pọ̀.

Ìyá Olóyin:

Bàbá ti sọ òótọ́, afárá tí oyin kò bá dúró lé lórí, kòkòrò ni ó ni ín. Èmi fẹ́ sọ ti pàkúté olóròóró tí a ń há sáàárín férémù, nítorí ọdún kẹfà nìyí tí mo ti ń lò ó. Ọpọ́n ike tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ni. Etí rẹ̀ méjèèjì ń jókòó lé orí férémù 2 tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìkùn rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ sáàárín wọn, ìdérí rẹ̀ sì ní ihò wínníwínní tí kòkòrò lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí oyin kò lè gbà. Òróró inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Ẹni tí ó bá rọ ọ́ kún dé ẹnu yóò dà á sórí ọmọ oyin ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n, yóò sì gbọ̀n, nítorí oyin kò ní í dákẹ́ máa wò ó. Òróró ìdáná èyíkéyìí ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń kan tí ó bá pẹ́ nínú ooru àpótí. Òróró tí a fi ń pa ara ọmọ ọwọ́ kì í kan, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí kò ní lọ́fínńdà.

Ní ti ibi tí a ń gbé e sí, àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé àwọn ènìyàn máa ń há a sáàárín gbùngbùn, lórí ibi tí ọmọ oyin wà, nítorí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni kòkòrò ń lọ. Kòkòrò a máa fẹ́ ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oyin tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní í jẹ́ kí ó dúró. Etí ni oyin ń lé wọn lọ. Nítorí náà, nínú àpótí oní-férémù 10, ọ̀kan ni mo máa ń há sáàárín férémù 1 àti 2, èkejì sáàárín 9 àti 10, nínú àpótí tí ó bá wà lókè jù lọ, nítorí wọ́n máa ń rọ́ sábẹ́ ìdérí. Lẹ́yìn èyí, kí o má gbọ́kàn lé ìlànà mi. Nígbà tí o bá ṣí ìdérí, wo igun tí wọ́n ń sá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, kí o gbé pàkúté sún mọ́ igun náà. Nínú àpótí mi kan, igun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rọ́ sí, n kò sì mọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n pàkúté tí ó wà ní igun náà máa ń kún nígbà tí ti òdìkejì kì í ní ju kòkòrò 1 tàbí 2 lọ.

Yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ 2-2. Gbé e sókè gbọnrangandan, kí o ti ní agolo kan lọ́wọ́ òsì láti gbé sábẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń jáde. Da òróró náà sínú asẹ́, ka òkú, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Férémù Mẹ́wàá:

Gbogbo ohun tí Ìyá Olóyin sọ ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò àgbà nìkan ni pàkúté ti òkè yẹn ń mú. Awo òróró ti ìsàlẹ̀ ni èmi ń lò. A ó yọ pákó ìsàlẹ̀ àpótí kúrò, a ó fi àwọ̀n onírin tí ihò rẹ̀ tó bíi mílímítà 3 dípò rẹ̀, a ó sì ti awo fẹ̀ẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó tó gbogbo ìsàlẹ̀ àpótí bọ abẹ́ àwọ̀n náà, pẹ̀lú òróró díẹ̀ tí ó kàn bo ilẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò tí oyin bá lé wá sísàlẹ̀ á já sínú rẹ̀. Àǹfààní tí ó wù mí jù ni pé ìdin tí ó bá ń jáde lọ sínú ilẹ̀ pẹ̀lú máa ń já síbẹ̀, èyí tí ó ń gé ìran tí ń bọ̀ kúrú.

Ìyọnu rẹ̀ kò kéré o. Àpótí gbọ́dọ̀ dúró dọ́gba pátápátá. Mo máa ń fi irinṣẹ́ olómi tí bíríkìlà fi ń wo ògiri wò ó lọ́tùn-ún lósì, níwájú lẹ́yìn, nítorí bí ó bá rọ̀ sí apá kan, òróró á gbá jọ síbẹ̀, apá kejì á sì gbẹ, kòkòrò á máa rìn kọjá níbẹ̀ bí ẹni ń gbafẹ́. Bí òjò bá fẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà, omi á gba ìsàlẹ̀ òróró, òróró á sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìkẹta ni èyí tí mo fi ara mi kọ́: ní ọdún àkọ́kọ́, mo fẹ́ sún àpótí díẹ̀, mo gbé e láìkọ́kọ́ fa awo jáde, òróró náà sì dànù lu àwọ̀n, ó fọ́n sí oyin lára. Oyin kì í fi imú mí bí tiwa, ihò tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń mí, òróró a sì máa dí i. Mo gbá òkú oyin tí ó kún igbá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àpótí, awo ni mo kọ́kọ́ ń fà jáde.

Àtè:

Ẹ jẹ́ kí n gbèjà aṣọ, nítorí òun ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ní àpótí 2 péré. Aṣọ ìnulẹ̀ gbígbẹ aláìlówùú, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń sọ nù, ni mo ń sọ. A ó gé e ní kékeré, a ó tẹ́ ẹ sórí férémù ní igun àpótí lábẹ́ ìdérí. Oyin á máa fi ẹnu họ ọ́ nítorí pé wọ́n fẹ́ gbé e jù síta, aṣọ náà á hù bí òwú, ẹsẹ̀ kòkòrò tí ó ń sá pamọ́ sínú rẹ̀ á sì lọ́ mọ́ òwú náà, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gún kéékèèké. Kò sí òróró tí yóò dànù, kò sì sí ohun tí à ń dọ́gba.

Àmọ́ kí ó jẹ́ gbígbẹ, kí ó má ní òórùn rárá. Mo ti ṣi aṣọ rà rí. A kò kọ ọ́ sára rẹ̀ kedere pé wọ́n ti fi lọ́fínńdà sí i, èmi náà kò sì gbóòórùn rẹ̀ torí ọ̀fìnkìn ń ṣe mí lọ́jọ́ náà. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdajì agbo oyin ti jáde so rọ̀ sí iwájú àpótí bí irùngbọ̀n.

Férémù Mẹ́wàá:

Oyin fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í há sínú aṣọ náà?

Àtè:

Ó ń há. Nínú agbo tí ó lágbára, n kì í rí ju 2 tàbí 3 lọ. Nínú agbo kékeré, mo ti rí tó 10 rí, nítorí náà n kì í lò ó níbẹ̀ mọ́.

Akọ́ṣẹ́-Oyin:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti gbé àpótí òkè kúrò lórí èyí tí kò lágbára. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ó yẹ kí n fi nǹkan tí ó ń tàn wọ́n sínú pàkúté olóròóró? Ẹnì kan sọ fún mi pé fínígà tí a fi èso ápù ṣe ni ó dára jù.

Ìyá Olóyin:

Fínígà ápù ṣiṣẹ́ dáadáa, mo máa ń kán bíi ẹ̀kán 5 sínú yàrá kékeré tí ó wà láàárín pàkúté tèmi, nígbà tí òróró wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́. Má da fínígà àti òróró pọ̀ sójú kan náà. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ti pọ́n jù náà ń fà wọ́n, nítorí ohun tí ó bá ń kan ni wọ́n fẹ́.

Bàbá Afárá:

Níbi yìí ni èmi àti Ìyá Olóyin kò ti fẹnu kò. Mo ti dán an wò pẹ̀lú fínígà àti láìsí fínígà nínú àpótí tí ó lágbára, n kò rí ìyàtọ̀ tí ó tó wàhálà rẹ̀, nítorí oyin tí ń lé kòkòrò lọ sí etí ti ṣe iṣẹ́ fínígà tán. Òórùn ilé oyin fúnra rẹ̀, pẹ̀lú òórùn tí oyin ń tú jáde nígbà tí wọ́n bá bínú, ni ó ń fa kòkòrò wá láti ìta. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ dín ohun tí ń fà wọ́n kù, má fọ́ oyin pa nígbà tí o bá ń dá férémù padà, má sì ju ìda tàbí afárá tí o họ sílẹ̀ sẹ́bàá àpótí. Àkàrà ìyẹ̀fun òdòdó tí a fi ń bọ́ oyin ńkọ́? Bí o bá gbé odidi rẹ̀ lé férémù nínú agbo tí kòkòrò wà, ibẹ̀ ni wọn yóò yé sí. Fún wọn ní ìwọ̀n tí wọn yóò jẹ tán ní ọjọ́ 2 tàbí 3, kí o sì kó ìyókù kúrò.

Ìyá Olóyin:

Bàbá, ẹ fi fínígà mi sílẹ̀ o. Nínú agbo tí ó lágbára, ó lè máà ṣe nǹkan. Nínú agbo tí oyin rẹ̀ kò lè lé kòkòrò, nǹkan kan gbọ́dọ̀ pè é.

Bàbá Afárá:

Èyíinì mọ́gbọ́n wá. Mo gbà.

Ilẹ̀-Gbígbẹ:

Gbogbo yín ń sọ ti inú àpótí, kò sí ẹni tí ó wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìdin yìí kì í rìn jìnnà. Ilẹ̀ tí ó yí àpótí ká ni wọ́n ń wọ̀, sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 sísàlẹ̀, ilẹ̀ tí ó rọ̀ tí ó sì ní ọ̀rinrin ni wọ́n sì fẹ́. Àpótí tí ó wà lábẹ́ ibòji igi, lórí ilẹ̀ dúdú tí a ń bomi rin, ti bá wọn tẹ́ ẹní sílẹ̀. Mo kó tèmi lọ sí ojú oòrùn, lórí ilẹ̀ líle tí mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí. Inú àpótí tí oòrùn ń pa náà máa ń gbẹ ju ti ibòji lọ, ẹyin kòkòrò yìí kì í sì pa dáadáa níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kò bá tó ìdá 50 nínú 100, púpọ̀ nínú wọn á gbẹ dànù.

Àwọn aràn kan tún wà tí ojú lásán kò lè rí, irú Heterorhabditis indica, tí a ń pò mọ́ omi tí a sì ń wọ́n sílẹ̀ yí àpótí ká. Wọn a máa wọ inú ìdin tí ó wà nínú ilẹ̀, wọn a sì pa á, láìṣe oyin ní nǹkan kan. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọ́n ọn, lórí ilẹ̀ tí ẹ ti kọ́kọ́ bu omi sí, nítorí oòrùn àti gbígbẹ máa ń pa wọ́n. Àwọn adìyẹ mi náà ń ràn mí lọ́wọ́, wọ́n ń họ ilẹ̀ abẹ́ àpótí ní ojoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè búra pé ìdin nìkan ni wọ́n ń wá.

Férémù Mẹ́wàá:

Ó dára, ṣùgbọ́n kí àbúrò má rò pé bí òun bá tún ilẹ̀ ṣe tán, ó parí. Kòkòrò yìí ń fò dáadáa, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, èyí tí ó bá sì jáde láti ilẹ̀ ẹlòmíràn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀-Gbígbẹ:

N kò jiyàn èyí. Ohun kan péré ni mo tún fẹ́ fi kún un: ẹ má da oògùn apakòkòrò sí ilẹ̀ abẹ́ àpótí láìka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí ń pa kòkòrò dúdú ń pa oyin, oyin a sì máa bà sílẹ̀ mu omi níbi tí ẹ bá bu oògùn sí. Bákan náà ni ìyẹ̀fun funfun tí a ń pè ní diatomaceous earth: bí ẹ bá fẹ́ lò ó dípò òróró nínú awo, kí ó wà lábẹ́ àwọ̀n tí ẹsẹ̀ oyin kò lè dé, nítorí kò mọ kòkòrò yàtọ̀ sí oyin.

Akọ́ṣẹ́-Oyin:

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Mo ṣí àpótí kejì láàárọ̀ yìí láti há pàkúté sí i, mo sì rí ìdin lórí férémù 2 tí ó wà ní etí. Wọ́n funfun díẹ̀, wọ́n pọ̀, afárá náà sì ń dán bí ẹni pé a da omi sí i. Ṣé ìdin kòkòrò yìí ni, àbí ti àfòpiná tí ń jẹ ìda? Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Afárá:

Mú ìdin kan lé àtẹ́lẹwọ́, kí o wò ó. Ti kòkòrò yìí ní ẹsẹ̀ 6 péré, gbogbo rẹ̀ ní ìtòsí orí, ó sì ní ẹ̀gún lẹ́yìn. Kì í ju bíi mílímítà 11 lọ. Ti àfòpiná ní ẹsẹ̀ kúkúrú mìíràn lábẹ́ ikùn, ó máa ń tóbi jù ú lọ, ó sì máa ń ta òwú bí aláǹtakùn ká inú afárá. Bí o kò bá rí òwú, tí afárá sì ń dán bí o ti wí yẹn tí ó ń rùn bí ọsàn rírà, òun ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn férémù náà ti kọjá ohun tí pàkúté lè yanjú. Ọwọ́ ni ó kù, kí o sì yára. Yọ férémù 2 yẹn jáde, dì wọ́n sínú àpò ọ̀rá tí kò jò, kí o gbé wọn sínú ẹ̀rọ amóhundì fún ọjọ́ 1 ó kéré tán ní ìwọ̀n òtútù 12 sísàlẹ̀ òdo. Òtútù yẹn ń pa ẹyin, ìdin àti àgbà. Gba àpótí kékeré tí férémù 5 ń wọ̀, kó férémù 3 tí oyin bò sínú rẹ̀ pẹ̀lú ayaba, fi 1 tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀ kún un, kí o sì há pàkúté olóròóró kan sí etí. Fún ẹnu ọ̀nà pọ̀ kí oyin díẹ̀ lè ṣọ́ ọ. Oyin tí ó ti kan nínú afárá yẹn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jẹ, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi bọ́ oyin.

Àtè:

Ṣé kò ní í sàn kí ó da agbo méjèèjì pọ̀?

Bàbá Afárá:

Mo ti ṣe é rí, mo sì kábàámọ̀. Bí o bá da agbo tí ìdin ti wọ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí ó lágbára, gbogbo kòkòrò rẹ̀ ni o kó lé alágbára lórí lọ́jọ́ kan náà. Kí ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ nínú àpótí kékeré. Bí ayaba náà kò bá yé dáadáa ní ọ̀sẹ̀ 3 sí i, nígbà náà ni kí ó dà wọ́n pọ̀, afárá tí ó bá mọ́ nìkan ni kí ó sì kó lọ.

Ìyá Olóyin:

Àbúrò, nígbà tí o bá tún dé ìdí àpótí kìíní láti gba oyin, rántí ọ̀rọ̀ yìí: férémù tí o bá yọ kò gbọdọ̀ sùn ju ọjọ́ 2 lọ kí o tó fún un. Kò sí oyin tí yóò lé kòkòrò nínú yàrá rẹ. Bí o bá sì rí ìdin nílẹ̀ yàrá lóru, pa gbogbo iná, kí o gbé iná kan ṣoṣo sílẹ̀ ní igun. Àwọn tí wọ́n ti ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò wọ̀ á máa wọ́ lọ síbi ìmọ́lẹ̀ náà, ìwọ yóò sì fi ìgbálẹ̀ gbá wọn sínú omi ọṣẹ.

Ilẹ̀-Gbígbẹ:

Kí ó tún wádìí òfin ibi tí ó ń gbé. Ilẹ̀ Áfíríkà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni kòkòrò yìí ti ṣẹ̀ wá, oyin ibẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ọdún 1998 ni wọ́n dá a mọ̀ nínú àpótí oyin ní Florida, ní Amẹ́ríkà, ọdún 2002 ni wọ́n rí i ní Ọsirélíà, ọdún 2014 ni ó sì yọ ní gúúsù Ítálì. Àjọ àgbáyé fún ìlera ẹranko, WOAH, kà á mọ́ ohun tí orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ jábọ̀ rẹ̀. Níbi tí kò bá tíì tàn dé, kì í ṣe pàkúté ni ènìyàn ń kọ́kọ́ wá, aláṣẹ ni ó ń ké sí.

Akọ́ṣẹ́-Oyin:

Ọ̀sẹ̀ 4 ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Ìdin kòkòrò náà ni lóòótọ́, ẹsẹ̀ 6, kò sí òwú. Mo ṣe gẹ́gẹ́ bí bàbá ti wí, mo sì fi fínígà sínú pàkúté àpótí kékeré bí Ìyá Olóyin ti wí, kí ẹnikẹ́ni má bínú. Nínú àpótí kékeré náà, òkú 23 ni mo sẹ́ nínú òróró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, òkú 7 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 kejì, n kò sì rí ìdin mọ́. Oyin ti bo férémù 4 báyìí, ayaba sì ń yé. Ní àpótí kìíní, pàkúté 2 tí mo há sí etí mú 31, lẹ́yìn náà 14. Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó kù: oyin àpótí kìíní ti fi àtè dí gbogbo ihò ìdérí pàkúté kan pátápátá. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, ike náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

Àtè:

Má fi ọ̀bẹ họ ọ́ mọ́. Da òróró rẹ̀ nù, nù ún gbẹ, gbé e sínú ẹ̀rọ amóhundì mọ́jú. Àtè oyin tí òtútù bá mú máa ń le, yóò sì máa fọ́ bí gíláàsì. Tí o bá tẹ ìdérí náà díẹ̀ láàárọ̀, yóò já bọ́ fúnra rẹ̀. Kí o ní pàkúté kan sí i, kí o lè fi rọ́pò rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà.